Mo Lọ sí Dublin Láti Mú Àbúrò Mi Lọ sí Amẹ́ríkà

Ẹ̀yin ará ilé, láti ìgbà tí mo ti padà dé sí Ìsẹ́yìn, kò sí ọjọ́ kan tí ẹnìkan kì í bi mí léèrè Amẹ́ríkà. Ẹ fẹ́ mọ̀ bí ilé wọn ṣe ga tó, bí ọ̀nà wọn ṣe fẹ̀ tó, àti bóyá òótọ́ ni pé kò sí ìlú tó dà bíi rẹ̀ láyé. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo lò ní Houston, nítorí náà ẹ ò jẹ̀bi. Àmọ́ ìlú tó jẹ́ kí n mọ Amẹ́ríkà kì í ṣe Houston. Dublin ni, ní ilẹ̀ Ireland, níbi tí mo ti lo ọjọ́ mẹ́rìnlá péré. Ìrìn-àjò náà ni mo fẹ́ ròyìn fún yín.

Mòjí lorúkọ mi. Àwa méjì péré ni ìyá wa bí, èmi àti Fúnmi, mo sì fi ọdún mẹ́jọ jù ú lọ. Èmi ni mo kọ́kọ́ kúrò nílé. Nígbà tí Fúnmi náà ṣe tán, Ireland ni ọ̀nà ṣí sí fún un. Ó bí ọmọbìnrin kan ṣoṣo síbẹ̀, Tọ́pẹ́. Ọkọ rẹ̀ kú nígbà tí ọmọ náà ṣì wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.

Lójú tèmi nígbà náà, ẹni tí kò bá tíì dé Amẹ́ríkà ṣì wà lójú ọ̀nà ni. Nínú ìjọ wa ní Houston, ìlú tí Ọlọ́run fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀ dó là ń pe Amẹ́ríkà, a ò sì fi ṣe àwàdà. Canada tó jẹ́ alámùúlégbè wa, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ yàrá àlejò la ṣe máa ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ká má tíì wá dárúkọ Ireland.

Ọdún tí mo di ọmọ ìlú Amẹ́ríkà ni mo kọ̀wé sí ìjọba ibẹ̀, mo béèrè fún Fúnmi pé kó wá bá mi. Ìwé tí èèyàn bá kọ fún ọmọ ìyá rẹ̀ kì í yá. Ọdún mẹ́rìnlá la fi dúró. Nígbà tí wọ́n wá sọ pé ó ti kàn án, mo kúnlẹ̀ nínú ilé ìdáná mi, mo dúpẹ́, mo sì pe Fúnmi. Ó ní, "Ẹ ṣeun, Àǹtí mi." Oṣù mẹ́ta kọjá, kò tíì kọ nǹkan kan sínú fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i. Bí mo bá bi í, á ní iṣẹ́ ni kò jẹ́. Ni mo bá gba ìsinmi. Mo ní màá lọ bá a níbẹ̀, màá sì jókòó tì í títí yóò fi kọ ọ́ tán.

* * *

Òwúrọ̀ ni mo dé Dublin. Òjò ń sẹ̀ wẹ́wẹ́, irú òjò tí kì í pariwo. Mo mú ìwé ìrìnnà Amẹ́ríkà mi jáde, mo gbé e sókè díẹ̀, bí ẹni pé ó yẹ kí wọ́n yà fún mi. Òṣìṣẹ́ tó gbà á bi mí ta ni mo wá kí. Mo ní àbúrò mi ni. Ó bi mí ìgbà wo ni mo rí i kẹ́yìn. Nígbà tí mo sọ iye ọdún fún un, ó gbójú sókè wò mí, ó lu òǹtẹ̀, ó sì ní kí n má jẹ́ kó dúró jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò bi mí ní nǹkan mìíràn.

Fúnmi dúró níta nínú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀. Ojú rẹ̀ nìkan ni mo máa ń rí lórí fóònù. N kò mọ̀ pé ó ti ń rìn bíi Màmá wa. Ó sún mọ́ mi, ó sì kúnlẹ̀ lórí ilẹ̀ tútù yẹn láàárín èrò. Mo ní kí n fà á dìde, èmi náà bá ara mi nílẹ̀. A dì mọ́ra wa, a ń sunkún, a sì ti dí ọ̀nà. Bàbá òyìnbó kan tó ń ti ẹrù rẹ̀ bọ̀ dúró. Kò kùn, kò sì wá ọ̀nà gba ẹ̀gbẹ́ wa. Ìgbà tí a dìde tán ló ṣí fìlà rẹ̀ fún wa, tó sì ń bá tirẹ̀ lọ.

* * *

Balbriggan ni Fúnmi ń gbé, ìlú kékeré kan létí òkun, tí ọkọ̀ ojú irin ti ń kó àwọn èèyàn lọ síṣẹ́ ní Dublin láràárọ̀. Ilé rẹ̀ so mọ́ ilé ẹlòmíràn lọ́tùn-ún àti lósì. Pálọ̀ rẹ̀ kéré débi pé tí èèyàn mẹ́ta bá jókòó, ẹni kẹrin á wá ibòmíràn lọ. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo sọ fún un pé yàrá tí mo ti pèsè sílẹ̀ dè é ní Houston fẹ̀ ju gbogbo ìsàlẹ̀ ilé yìí lọ. Fúnmi rẹ́rìn-ín, ó ní kí n wá jẹun.

Ó ti se ẹja òkun tí wọ́n ń pa níbẹ̀, ó fi ata rodo sí i, a fi jẹ iṣu. Lẹ́yìn náà ló gbé búrẹ́dì dúdú kan wá, tí èèpo rẹ̀ le, tí inú rẹ̀ sì rọ̀, tí wọn kì í fi ìwúkàrà ṣe. Ìyá òyìnbó tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló ṣe é. Wọ́n á fi bọ́tà rẹ́ ẹ bí ẹni ń rẹ́ ògiri. Mo jẹ ọ̀kan, mo jẹ ìkejì, mo ní kí wọ́n gé ìkẹta fún mi. Tíì wọn náà ní àṣà tirẹ̀. Bí o bá wọ ilé ẹnikẹ́ni, kí o tó jókòó, wọ́n ti gbé omi kaná. Bí o bá ní o ò mu, wọ́n á tún bi ọ́. Ìgbà kẹta lo máa gbà. Àwa náà mọ irú ìyẹn.

Tọ́pẹ́ ti di ọmọ ọdún méjìlélógún, ó ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ó gbọ́ Yorùbá dáadáa, àmọ́ òyìnbó ló fi ń fèsì, òyìnbó Dublin tó ń yára bí ẹni tí òjò ń lé. Ó ní kí n bá òun kó àwọn ife sínú "press". Mo wá áyọ́ọ̀nù títí n kò rí i, kí n tó mọ̀ pé kọ́bọ́ọ̀dù ló ń wí. Ohunkóhun tí mo bá bi í, "grand" ni èsì rẹ̀, pé ó dára: oúnjẹ jẹ́ grand, ara rẹ̀ jẹ́ grand, òjò pàápàá jẹ́ grand. Big Mummy ló ń pè mí. Láràárọ̀ á tẹ̀ bí ẹni fẹ́ kúnlẹ̀; orúnkún rẹ̀ kì í kan ilẹ̀, àmọ́ mo gbà á bẹ́ẹ̀.

Mo ti tẹ fọ́ọ̀mù Fúnmi jáde láti Houston. Ní ọjọ́ kejì, mo gbé e sórí tábìlì. Fúnmi ní ká sinmi ná.

* * *

Ní ọjọ́ Ìsinmi, a lọ sí ìjọ wọn ní apá Clonsilla, nínú ilé kan tí wọ́n ń kó ẹrù sí tẹ́lẹ̀. Pásítọ̀ ní kí àlejò láti Amẹ́ríkà dìde, kó bá ìjọ sọ̀rọ̀ díẹ̀. Tèmi kò mọ ní díẹ̀. Mo sọ nípa àwọn ilé ìwòsàn wa, ọ̀nà wa, àti ilé ìjọsìn wa tó ń gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn. Mo ní gbogbo ayé ń wo Amẹ́ríkà, pé Ọlọ́run sì ti ṣílẹ̀kùn rẹ̀ fún àbúrò mi. Ìjọ pàtẹ́wọ́. Nígbà tí mo wo ọ̀dọ̀ Fúnmi, bàtà rẹ̀ ló ń wò.

Lẹ́yìn ìsìn, àwọn obìnrin yí mi ká, wọ́n ń béèrè èyí, wọ́n ń béèrè tọ̀hún. Bàbá àgbàlagbà kan tó ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ dúró títí wọ́n fi túká. Ó kí mi, ó sì bi mí pé, "Ta lẹ ń bá gbé níbẹ̀, ìyá?"

Mo ní Ọlọ́run ni.

Ó ní, "Àmín. Ẹlòmíràn ńkọ́?"

Mo yí ọ̀rọ̀ padà. Èmi nìkan ni mo ń gbé. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo ti lò nínú ilé yẹn, n kò mọ orúkọ ẹni tó wà lẹ́yìn ògiri mi. Nígbà kan tí àìsàn dá mi wó, èmi ni mo wa ara mi dé ilé ìwòsàn, tí mo ń dúró lẹ́bàá ọ̀nà bí òòyì bá ti ń kọ́ mi. N kò sọ ọ́ fún Fúnmi. Mo sọ fún un lórí fóònù lọ́sẹ̀ yẹn pé mo lọ najú.

N kò fẹ́ kí ẹ ṣì mí gbọ́. Amẹ́ríkà ṣe mí lóore. Ó fún mi níṣẹ́ nígbà tí n kò ní nǹkan kan, iṣẹ́ yẹn ló sì tún ilé tí mo jókòó sí kọ ìwé yìí ṣe. Ohun tí mo ń sọ ni pé mo ti yin ín púpọ̀ débi pé n kò lè sọ òótọ́ nípa rẹ̀ mọ́, kódà fún ọmọ ìyá mi.

* * *

Ohun kan tún wà tó ń tì mí lójú, iṣẹ́ Fúnmi ni. Olùkọ́ ni nílé. Ní Dublin, bọ́ọ̀sì ló ń wà. Bí wọ́n bá bi mí léèrè rẹ̀ ní Houston, mo máa ń ní ó wà lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, màá sì yí ọ̀rọ̀ padà.

Lọ́jọ́ kan, ó ní kí n wá wọ ọkọ̀ òun. Mo ti lọ ra èlùbọ́ àti iṣu ní Parnell Street, níbi tí àwọn èèyàn wa ti ń tajà, tí wọ́n sì ń ṣerun. Mo dúró ní ibùdókọ̀ tó sọ fún mi. Bọ́ọ̀sì alájà méjì ńlá kan yọ, àbúrò mi ló jókòó sínú rẹ̀. Mo wọlé, mo jókòó síwájú, mo gbé iṣu mi lé itan.

Ẹni àkọ́kọ́ tó sọ̀ kalẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni kejì dúpẹ́. Àwọn ọmọ ilé ìwé ń sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ń dúpẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọkùnrin kan tó ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù dá ọ̀rọ̀ rẹ̀ dúró kó tó bọ́ sílẹ̀, ó dúpẹ́. Mo rò pé wọ́n mọ̀ ọ́n ni. Ó ní rárá, bí wọ́n ṣe ń ṣe fún gbogbo awakọ̀ nìyẹn. Ìyá arúgbó kan wọlé pẹ̀lú ọ̀pá, Fúnmi kò sì gbéra títí ìyá náà fi rí ibi jókòó. Kò sí ẹni tó fọn fèrè, kò sí ẹni tó kanra. Nígbà tí ìyá náà máa sọ̀ kalẹ̀, orúkọ ló pè: "Ẹ ṣé o, Fúnmi," ní òyìnbó tirẹ̀. Ó pe orúkọ náà bó ṣe yẹ.

Ogún ọdún ni mo ti fi ń tọ́jú àwọn arúgbó ní Houston, tí mo ń wẹ̀ wọ́n, tí mo ń bọ́ wọn. Àwọn ọmọ wọn tí wọ́n mọ orúkọ mi kò pọ̀. Mo yíjú sí fèrèsé kí Fúnmi má bàa rí mi nínú dígí rẹ̀.

Kí ẹ má rò pé ọ̀run ni ibẹ̀ o. Ilé wọ́n gógó, òtútù wọn sì máa ń wọ egungun. Ní ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, nínú ọkọ̀ ojú irin, géńdé méjì sọ fún Tọ́pẹ́ pé kó padà sílé rẹ̀. Ohùn kan náà tí wọ́n fi sọ ọ́ ni Tọ́pẹ́ fi dá wọn lóhùn pé ilé ni òun ń lọ, Balbriggan ni. Obìnrin òyìnbó kan dìde láti ẹ̀yìn, ó wá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ó sì ń wo àwọn méjèèjì láìsọ̀rọ̀ títí wọ́n fi bọ́ sílẹ̀. Tọ́pẹ́ di ọwọ́ mi mú títí a fi dé Balbriggan.

* * *

Ní ọjọ́ kẹwàá, ìyá tó ń ṣe búrẹ́dì pè wá wá mu tíì lọ́sàn-án. Mama Nora ni Fúnmi ń pè é. Ó ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Nígbà tí bàbá Tọ́pẹ́ kú, òun ló ń lọ mú ọmọ náà wálé láti ilé ìwé lójoojúmọ́ tí Fúnmi bá wà lẹ́nu iṣẹ́, kọ́kọ́rọ́ ilé Fúnmi sì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ dòní.

Mo rí fọ́tò ọmọbìnrin kan lára ògiri rẹ̀, tó dé fìlà tí wọ́n fi ìyẹ́ ẹyẹ sí. Mo bi í ta ni. Ó ní ẹ̀gbọ́n bàbá òun ni, Bridie, tó lọ sí Amẹ́ríkà kó tó pé ọmọ ogún ọdún. Ó ní láyé ìgbà náà, bí ẹnìkan bá fẹ́ lọ sí Amẹ́ríkà, ará ilé àti ará àdúgbò á péjọ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó mọ́, wọ́n á jẹ, wọ́n á mu, wọ́n á jó, wọ́n á sì sunkún bí wọ́n ṣe ń sun òkú, nítorí wọ́n mọ̀ pé àwọn kò ní fojú kàn án mọ́.

Bridie ń kọ lẹ́tà wálé. Nínú gbogbo rẹ̀, ó ń sọ pé kò síbi tó dà bí Amẹ́ríkà. Ó ń fi aṣọ ránṣẹ́, wọ́n sì gbà pé ayaba ló dà. Ìgbà tó kú ni wọ́n tó gbọ́ pé ilé onílé ló ń nù títí dọ́jọ́ ikú rẹ̀, pé obìnrin kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ nìkan ló tẹ̀ lé òkú rẹ̀ dé ibojì. Mama Nora ní bàbá òun máa ń sọ pé gbogbo aṣọ yẹn lòun ì bá fi gba wákàtí kan lọ́dọ̀ rẹ̀.

Tíì mi tutù níwájú mi. Mo rí ara mi nínú ọ̀rọ̀ náà, ó sì bà mí lẹ́rù.

Nígbà tí a padà sí ilé Fúnmi, mo gbé fọ́ọ̀mù náà síwájú rẹ̀, mo sì bi í wẹ́rẹ́ pé kí ló dé gan-an. Ó jókòó. Ó ní ìwé náà kò gba ọmọ tó bá ti pé ọdún mọ́kànlélógún, pé wọ́n ti yẹ ọ̀rọ̀ Tọ́pẹ́ wò, kò sí nínú rẹ̀. Mo ní yóò wá bá wa tó bá yá.

"Lẹ́yìn ọdún mélòó, Àǹtí mi? Mẹ́rìnlá mìíràn?"

Ó mú ọwọ́ mi.

Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé nígbà ikú Màmá mọ̀ pé n kò wá. Ọdún keje mi ní Amẹ́ríkà ni. N kò tíì níwèé; bí mo bá jáde, wọn kò ní jẹ́ kí n wọlé mọ́. Fúnmi ló gbé Tọ́pẹ́ pọ̀n láti Dublin wá, òun ló sì sin ìyá wa. Láti ọjọ́ náà, a ò sọ̀rọ̀ rẹ̀ rí.

"Àǹtí mi, orúkọ yín ni Màmá ń pè," ni Fúnmi wí. "Mo sọ fún un pé ẹ ti wà lójú ọ̀nà. Irọ́ ni mo pa fún un. Mi ò bínú sí yín rí, mo mọ̀ pé kò sí bí ẹ ṣe lè ṣe é. Ṣùgbọ́n ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí. Mi ò fẹ́ lọ síbi tí ẹnìkan á ti máa bá mi parọ́ fún un pé mo ti wà lójú ọ̀nà."

* * *

Mo jáde lọ sí etí òkun. Inú bí mi, ìtìjú sì mú mi, n kò mọ èyí tó pọ̀ jù. Ọdún mẹ́rìnlá ni mo ti fi ń pèsè yàrá sílẹ̀ de ẹni tí kò bẹ̀ mí níyàrá. Mo jókòó sórí òkúta, mo ń wo àwọn ọkọ̀ apẹja. Nígbà tó ṣe, Tọ́pẹ́ dé, ó kó kóòtù mi lọ́wọ́, ó fi bò mí léjìká. Fún ìgbà àkọ́kọ́, Yorùbá ló bá mi sọ.

"Big Mummy, ẹ má bínú. Mo sọ fún Mummy, máa lọ. Mummy kò gbọ́. Ṣé ẹ ṣì fẹ́ràn wa?"

Mo fà á mọ́ra. Mo sọ fún un pé nítorí mo fẹ́ràn wọn ni mo ṣe wá, pé mi ò mọ ọ̀nà mìíràn tí màá fi sọ ọ́ ni. N kò mọ bóyá ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó gbé orí lé èjìká mi, a sì jókòó bẹ́ẹ̀ títí òtútù fi lé wa wọlé.

Mo ká fọ́ọ̀mù náà, mo fi í sínú àpótí mi. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Fúnmi kò lọ síṣẹ́. Ó po tíì, ó sì sọ bí ìsìnkú Màmá ṣe lọ fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀: aṣọ tí wọ́n wọ̀ fún un, orin tí wọ́n kọ, ẹni tó wẹ̀ ẹ́, bí Tọ́pẹ́ ṣe sùn lẹ́yìn òun títí wọ́n fi bo ilẹ̀ tán. Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ.

* * *

Ohun àrà kan wà ní pápákọ̀ òfurufú Dublin. Àwọn aṣọ́bodè Amẹ́ríkà ti wà níbẹ̀. Kí o tó wọ ọkọ̀ ni wọ́n á ti yẹ̀ ọ́ wò. Bí o bá ti kọjá wọn, lójú òfin, o ti wọ Amẹ́ríkà, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ Ireland ni ẹsẹ̀ rẹ ṣì wà. Fúnmi àti Tọ́pẹ́ sìn mí dé ibi tí wọ́n lè dé. A ò kúnlẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. A kàn di ara wa mú.

Ọ̀dọ́kùnrin ni aṣọ́bodè tó gba ìwé mi, ó sì lọ́yàyà. Ó wò ó, ó dá a padà fún mi, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ẹ káàbọ̀ sílé, màmá," ló wí, bí wọ́n ṣe máa ń wí fún gbogbo ọmọ ìlú.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo rìn síwájú, mo jókòó sórí àga àkọ́kọ́ tí mo rí, mo sì pe Fúnmi. Ó ṣì wà níbi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí. Ó ní òun ò tíì lè wakọ̀. Mo bi í ìgbà wo ló tún máa ní ìsinmi. Ó ní ó di Oṣù Kejìlá. Ó bi mí ibo ni mo fẹ́ ká lọ.

Mo ní Ìsẹ́yìn ni, kó wá fi ibi tó sin Màmá sí hàn mí.

Mo gbọ́ tí Tọ́pẹ́ ń bi í lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé kí ló ṣẹlẹ̀. Fúnmi ní, "Tọ́pẹ́ ńkọ́?"

Mo ní àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni.

"Ẹ mú bàtà tó bo ẹsẹ̀ wá, Àǹtí mi," ni àbúrò mi wí. "Ẹ̀gún pọ̀ lójú ọ̀nà ibẹ̀."